Dígí Tí Ń Pọ́n Nínú Òkùnkùn: Àlàyé Lórí Lẹ́ǹsì Onítóríọ̀mù

Láàárín àwọn ohun èlò tí ó ti dàgbà lọ́wọ́ àwọn onífọ́tò ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, àti nínú yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó wà ní ìlú méjèèjì, kò ṣòro láti rí lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ kò mọ́ gaara mọ́. Òmíràn ti pọ́n bí èso ìyeyè. Òmíràn ní ohun kan tí ó ta bí òwú aláǹtakùn nínú. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ ti wọ àwọ̀ omi tíì tí a kò bu mílíìkì sí. Ẹnu kan náà ni a sì máa ń fi dá gbogbo wọn lẹ́jọ́. A ó ní wọ́n ti gbó, a ó sì gbé wọn fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré, tàbí kí a dà wọ́n sí ààtàn. Ìdájọ́ yìí kò tọ́ rárá. Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìtọ́jú wọn kò sì bá ara wọn mu. Ọ̀kan nínú wọn lè sàn pátápátá láìná kọ́bọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kò yẹ kí a gbé fún ọmọdé kí ó fọ́ tàbí kí ó lọ̀, nítorí pé dígí tí ń tú ìtànṣán jáde láti inú ara rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àwọn méjì tí kò ní ìtànṣán nínú kúrò lójú ọ̀nà. Èyí tí ó ta bí òwú aláǹtakùn jẹ́ ebu, ìbátan ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu tí ó sì ń mú kí bàtà awọ funfun lára nígbà òjò. Ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa tẹ́ ẹ lọ́rùn púpọ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àfi ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù lóru. Bí ọ̀rinrin náà bá ti kọjá nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ebu a rí ibùgbé nínú àpò awọ tí a fi lẹ́ǹsì pamọ́ sí. Oúnjẹ rẹ̀ kò ju eruku àti òróró tí ìka ọwọ́ fi sílẹ̀ lọ. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé ó máa ń tu omi kíkan tí ń jẹ ojú dígí. Bí ó bá sì ti jẹ ẹ́ tán, kò sí bí a ti lè nù ún tí yóò padà sí bí ó ti wà. Ìdí nìyí tí kọ́bọ́ọ̀dù tí a tan gílóòbù kékeré sí nínú fi sàn ju àpò awọ lọ ní ilẹ̀ olójò.

Èkejì jẹ́ ti gọ́ọ̀mù. Ohun tí a ń pè ní lẹ́ǹsì kan kì í sábà jẹ́ dígí kan ṣoṣo. Dígí méjì, mẹ́ta, títí dé méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a tò tẹ̀léra wọn, tí a sì lẹ àwọn kan pọ̀ mọ́ ara wọn nínú wọn. Oje igi kan tí ń hù ní Kánádà ni wọ́n fi ń lẹ̀ wọ́n láyé àtijọ́. Olùkọ́ tí ó bá ti lẹ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ẹsẹ̀ kòkòrò mọ́ dígí pẹlẹbẹ fún wíwò lábẹ́ maikirosikóòpù mọ oje náà dáadáa, nítorí òun náà ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yẹn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, oje yìí máa ń pọ́n, ó sì lè là láti etí wá, tí àwọ̀ òṣùmàrè yóò fi hàn níbi tí ó ti là. Bí lẹ́ǹsì maikirosikóòpù àtijọ́ bá pọ́n, oje igi yìí ni kí a kọ́kọ́ fura sí, kí a tó fura sí ohun mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni ó ní ìtàn, a ó sì fara balẹ̀ lé e.

Bí a bá ti ọ̀pá bọ inú ìkòkò omi, yóò dàbí ẹni pé ọ̀pá náà ti ṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ó tẹ̀, ọ̀pá kò ṣẹ́. Gbogbo ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá ni ó ní ìwọ̀n tí ó fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn onímọ̀ fún omi ní 1.33, wọ́n fún dígí fèrèsé ní nǹkan bí 1.5. Bí agbára àtitẹ̀ dígí bá ti pọ̀ tó ni lẹ́ǹsì ṣe lè gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí inú kámẹ́rà láìjẹ́ pé a gbẹ́ ojú rẹ̀ kí ó yọ kókó bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í tẹ̀ bákan náà: àwọ̀ aró a máa tẹ̀ ju pupa lọ, òun ni ó sì bí òṣùmàrè lójú ọ̀run. Òṣùmàrè dára lójú sánmà, ṣùgbọ́n ọ̀tá onífọ́tò ni nínú lẹ́ǹsì, nítorí yóò kun àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀ sí etí agbádá funfun. Bí a bá da òjé sínú dígí, yóò tẹ ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òṣùmàrè rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Bí a bá lo iyanrìn nìkan, òṣùmàrè yóò kéré, ṣùgbọ́n àtitẹ̀ rẹ̀ kò ní ju 1.46 lọ, bí iyanrìn náà tilẹ̀ mọ́ tó iyanrìn funfun Ìgbókòdá, èyí tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó torí rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Oluwa Glass sílẹ̀ nígbà kan rí. Dígí tí ó tẹ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ tí kò sì fọ́n àwọ̀ ká ni gbogbo àwọn tí ń ṣe lẹ́ǹsì ń wá.

Ní àwọn ọdún 1930 ni George W. Morey, ọmọ Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ iyanrìn kúrò nínú àpòpọ̀ dígí; ó fi bórọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀, ó sì da àwọn irin tí ó ṣọ̀wọ́n mọ́ ọn, lántánọ̀mù àti tóríọ̀mù wà lára wọn. Àtitẹ̀ dígí yìí kọjá 1.7, òṣùmàrè rẹ̀ sì kéré. Ilé iṣẹ́ Kodak ní ìlú Rochester gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí Ogun Àgbáyé Kejì fi dé. Lẹ́ǹsì Aero-Ektar tí Kodak ṣe, tí gígùn ìfojúsí rẹ̀ jẹ́ mílímítà 178, ni wọ́n dè mọ́ inú ọkọ̀ òfuurufú láti máa ya ilẹ̀ àwọn ọ̀tá ní fọ́tò lóru. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Japan náà bẹ̀rẹ̀ sí lo irú dígí bẹ́ẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni Super-Takumar 50mm f/1.4 tí ilé iṣẹ́ Asahi, àwọn onípentax, ń ṣe láàárín àwọn ọdún 1960. Canon, Konica àti Yashica náà sì ní tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo lẹ́ǹsì àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó rí bẹ́ẹ̀ o. Díẹ̀ ni, kódà lẹ́ǹsì méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà lè yàtọ̀ síra gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi ń wọlé, ọ̀pọ̀ jù lọ ti pa tóríọ̀mù tì, lántánọ̀mù nìkan ni wọ́n sì ń lò.

Orúkọ tóríọ̀mù yìí yẹ fún ìdúró díẹ̀. Jöns Jacob Berzelius, onímọ̀ ará Sweden, ni ó rí i ní 1829 nínú òkúta dúdú kan tí wọ́n ṣà ní Norway. Ó sọ ọ́ ní orúkọ Thor, ẹni tí àwọn baba ńlá wọn ń bọ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà tí ń sán àrá. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni, irin Ṣàngó ni ì bá pè é, a kì bá sì wádìí ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fún nǹkan bí 70 ọdún kò sí ẹni tí ó mọ bí orúkọ náà ti bá a mu tó, àfi ìgbà tí ó di 1898 tí Marie Curie ní Parisi àti Gerhard Schmidt ní Jámánì rí i, olúkúlùkù lọ́tọ̀, pé irin náà ń tú ìtànṣán jáde bí yùréníọ̀mù. Yùréníọ̀mù tìkára rẹ̀, pátákó fọ́tò ni ó tú u fó: ní 1896 ni Henri Becquerel gbé iyọ̀ yùréníọ̀mù lé orí pátákó fọ́tò tí a fi bébà dúdú wé, tí àpá iyọ̀ náà sì hàn lórí rẹ̀ láìsí oòrùn tàbí fìtílà. Ọwọ́ àwọn onífọ́tò ni ìmọ̀ yìí ti wá, kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ wọn.

Kì í sì í ṣe àjèjì sí ilé wa. Àwọn tí ó dàgbà kí iná mànàmáná tó kárí ìlú ń rántí fìtílà gáàsì tí a ń fi afẹ́fẹ́ fún, tí ń hó ṣìì, tí a ń gbé kọ́ níbi àìsùn òkú àti níbi ìyàwó. Àpò funfun kékeré inú rẹ̀, tí a kọ́kọ́ ń jó di eérú kí ó tó lè tàn, tóríọ̀mù ni. Carl Auer von Welsbach, ará Austria, ni ó ṣe é. Ní 1891 ó rí i pé bí òun bá po ìpín 99 tóríọ̀mù mọ́ ìpín 1 sẹ́ríọ̀mù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò mọ́ bí ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ púpọ̀ fi irin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, eérú àpò yẹn, tí a ń fẹ́ dànù nígbà tí ó bá fọ́ tí ó sì ń wọ imú, tọ́ sí ìṣọ́ra ju lẹ́ǹsì kankan lọ. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà yìí kan náà ni tóríọ̀mù ti ń bá tánganran jáde láti inú ilẹ̀ Jos, nínú iyanrìn wúwo tí a ń pè ní mónásáìtì, èyí tí àwọn awakùsà ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó kù kí a sọ ìdí tí dígí onítóríọ̀mù fi ń pọ́n. Átọ́ọ̀mù tóríọ̀mù kò dúró ṣinṣin. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wó, bí ó sì ti ń wó ni ó ń di nǹkan mìíràn, tí ohun náà ń di òmíràn, títí yóò fi kan òjé, tí ìrìn rẹ̀ yóò sì parí. Ó lọ́ra púpọ̀: bí a bá kó tóríọ̀mù jọ lónìí, yóò gba 14 bílíọ̀nù ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó wó tán, èyí sì ju ọjọ́ orí gbogbo àgbáyé lọ díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má retí pé lẹ́ǹsì bàbá òun yóò kú fúnra rẹ̀. Ní ìdà kejì, àwọn ọmọ tí tóríọ̀mù ń bí kò lọ́ra bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń tú ìtànṣán gáńmà tí ó lágbára jù. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ dígí, ìdílé náà kò tíì pé. Lẹ́yìn nǹkan bí 40 ọdún, gbogbo wọn ti pé jọ. Lẹ́ǹsì tí a ṣe ní 1966 ti wà ní ẹ̀kún agbára rẹ̀ báyìí.

Gbogbo ìgbà tí átọ́ọ̀mù kan bá wó, ìtànṣán rẹ̀ a la inú dígí kọjá, a sì lé àwọn ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kúrò ní àyè wọn. Ẹ fi ojú inú wo ọjà kan tí olúkúlùkù jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀. Màlúù kan já, ó gba àárín ọjà kọjá. Àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ sá kúrò nídìí igbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà lẹ́sẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn há sí kọ̀rọ̀ kan tí wọn kò ti lè jáde bí kò ṣe pé ẹnìkan fà wọ́n. Ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tí ó há sí kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú dígí a máa gbé ìmọ́lẹ̀ aró àti ti elésè àlùkò mì. Nígbà tí aró bá ti lọ nínú ìmọ́lẹ̀ funfun, ohun tí ó kù fún ojú wa láti rí ni pípọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo kò lè hàn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, àwọn tí ó ti há ti pọ̀ débi pé fọ́tò aláwọ̀ tí a bá fi í yà yóò dàbí èyí tí a yà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọyẹ́, onífọ́tò yóò sì ní láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ sí i lórí fíìmù rẹ̀.

Ta ni yóò fa àwọn tí ó há jáde? Ìmọ́lẹ̀ ni. Àwọn ìtànṣán oòrùn tí ó rékọjá elésè àlùkò, tí ojú kò rí, ní agbára tí ó tó láti jí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kúrò ní kọ̀rọ̀ kí ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni lẹ́ǹsì tí a ń lò lójoojúmọ́ nínú oòrùn kì í fi í pọ́n púpọ̀, nígbà tí èkejì rẹ̀, tí a fi aṣọ wé tí a tì mọ́ inú àpótí nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀, ń pọ́n sí i lọ́dọọdún. Ìtọ́jú tí a rò pé a ń ṣe ni ó ń bà á jẹ́. Ohun tí ó dájú ni pé bí a bá gbé irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ sí ojú oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ojú rẹ̀ yóò mọ́ padà. Oje igi tí ó ti pọ́n kò ní dá irú èsì bẹ́ẹ̀ fún wa. Nípa èyí pẹ̀lú ni a fi lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Àmì mìíràn tún wà: bí a bá gbé lẹ́ǹsì sórí bébà funfun, pípọ́n ti tóríọ̀mù a máa dọ́gba káàkiri inú dígí náà, ṣùgbọ́n ti oje a máa pọ̀ ní ibì kan ju ibòmíràn lọ.

Oòrùn Àkúrẹ́ kò ṣòro rí, àmọ́ iṣẹ́ yìí ní èèwọ̀ tirẹ̀. Lẹ́ǹsì ni lẹ́ǹsì ń jẹ́: bí ó ti ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ fún fíìmù náà ni ó ń kó iná jọ fún ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e sójú fèrèsé nínú oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, tí kọ́tìnì sì wà nítòsí, lè padà bá ilé nínú èéfín. Kí a tẹ́ bébà dídán bíi fàdákà, èyí tí àwọn alásè fi ń bo oúnjẹ, sórí símẹ́ńtì. Kí a dojú lẹ́ǹsì dé e mọ́lẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè, nítorí pé ẹ̀yìn ni dígí onítóríọ̀mù sábà máa ń wà. Bébà dídán náà yóò sì dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kí a yí i padà lójoojúmọ́. Kí a sì gbé e kúrò nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá mú jù, nítorí ooru a máa yọ́ gíríìsì inú rẹ̀, a sì máa ba oje tí a fi lẹ̀ ẹ́ jẹ́. Àwọn kan tí kò fẹ́ wàhálà oòrùn a máa lo gílóòbù onítànṣán elésè àlùkò, irú èyí tí a fi ń yẹ owó bébà wò. Òun náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tẹjú mọ́ ọn.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan pé kì í ṣe gbogbo dígí ni oòrùn ń fọ̀ mọ́. Àwọn ìgò àtijọ́ kan tí a da mángánísì sí, kí àwọ̀ ewé má bàa hàn lára wọn, oòrùn gan-an ni ó ń sọ wọ́n di elésè àlùkò. Àwọn tí ń ṣe fèrèsé yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ lórí ohun onítànṣán tilẹ̀ ti kọ́ ọgbọ́n mìíràn: wọ́n a da sẹ́ríọ̀mù díẹ̀ sínú dígí náà, a sì máa dènà pípọ́n rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn olùkọ́ ni pé ṣé ó léwu. Ìwọ̀n ni a fi ń dáhùn irú ìbéèrè yìí. Ní ibi tí kò sí lẹ́ǹsì kankan, ìtànṣán tí ń bá ènìyàn láti inú ilẹ̀ àti láti ojú ọ̀run wà ní àyíká 0.1 microsievert ní wákàtí kan. Bí a bá gbé ẹ̀rọ tí a fi ń ka ìtànṣán lé ojú lẹ́ǹsì onítóríọ̀mù tí ó lágbára gan-an, ó lè ka 10, ìyẹn ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Iye yìí dẹ́rù bani bí a bá dá a gbọ́. Ṣùgbọ́n kí a sún ẹ̀rọ náà sẹ́yìn tó ìwọ̀n apá kan, iye náà yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àyíká dọ́gba. Ká ní ẹnìkan fi lẹ́ǹsì yẹn mọ́ awọ ara rẹ̀ ní wákàtí kan lójúmọ́ fún odidi ọdún, ibi tí ó fi mọ́ yóò gba nǹkan bí 3,650 microsievert. Ìtànṣán àdánidá tí ń bá ènìyàn kọ̀ọ̀kan lọ́dún, bí a bá dá gbogbo ayé pọ̀ tí a pín in, jẹ́ nǹkan bí 2,400. Onífọ́tò kò sì í fi lẹ́ǹsì mọ́ra bẹ́ẹ̀; ara kámẹ́rà wà láàárín, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í pẹ́.

Àwa tí a ń gbé orí àpáta kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ bí ohun ìyanu. Òkúta gíráníìtì tí ó di òkè Ìdànrè, tí ó ti wà láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, jẹ́ irú òkúta tí tóríọ̀mù máa ń wà nínú rẹ̀. Nínú tọ́ọ̀nù gíráníìtì kan, a sábà máa ń rí gíráàmù 10 sí 20. Dígí lẹ́ǹsì kan tí ó wọn gíráàmù 10, tí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan jẹ́ tóríọ̀mù, ní gíráàmù 2. Ohun tí ó wà nínú dígí tí ọmọdé lè dì sí àtẹ́lẹwọ́ wà nínú òkúta kan tí ó wọn 100 sí 200 kílò, irú èyí tí ọkùnrin méjì kò lè dá gbé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a ti kó o jọ sójú kan.

Ibi méjì ni mo rò pé ewu gidi wà, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ti onífọ́tò. Àkọ́kọ́ ni ojú tí a fi ń wo maikirosikóòpù. Lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ẹni tí ń wò ó, ṣùgbọ́n ti òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹyin ojú, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè jókòó tì í fún wákàtí púpọ̀. Òfin Amẹ́ríkà, tí ó gba lẹ́ǹsì tí tóríọ̀mù rẹ̀ tó ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún láyè bí a bá ti ṣe é kí ọdún 2013 tó parí, yọ awò ojú àti lẹ́ǹsì tí a ń gbé ojú lé kúrò nínú ìyọ̀ǹda náà. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. A ti rí tóríọ̀mù nínú lẹ́ǹsì àwọn ohun ìwòran ológun àtijọ́ kan, ọ̀pọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì ni a tà fún aráyé lẹ́yìn ogun. Olùkọ́ tí ó bá rí lẹ́ǹsì òkè aláìlórúkọ ní ọjà àlòkù tí ó sì wọ inú maikirosikóòpù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ géérégé, kí ó má tíì gbé ojú ọmọ lé e títí a ó fi wọ̀n ọ́n. Èkejì ni ìyẹ̀fun. Ìtànṣán álífà tí tóríọ̀mù ń tú kò lè la bébà kọjá, kò lè la awọ ara, nítorí náà kò ṣe ẹni tí ó di lẹ́ǹsì mú ní nǹkan kan. Bí a bá wá lọ dígí náà kúnná, tí a fà á símú, kò sí bébà kò sí awọ láàárín rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń dá, pé kí wọ́n fi iyanrìn dídán ha ojú lẹ́ǹsì tí ebu ti jẹ kí ó lè mọ́. Kò yẹ kí a ṣe é fún lẹ́ǹsì kankan, pàápàá jù lọ fún èyí tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n kò jìnnà. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981 ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì, ọ̀dọ̀ irú wọn sì ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè. Ìmọ̀ yìí kò ṣàì ní ìtàn ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Faransé yin bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní ọjọ́ 13 oṣù kejì, 1960, ẹ̀rù ba Nàìjíríà pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yóò gbé eruku rẹ̀ wá sórí oko àti kànga wa. Nínú oṣù kìn-ín-ní, 1961, ìjọba wa gé àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Faransé, nígbà tí ó sì di 1964 a dá ilé iṣẹ́ ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti 2001 ni àjọ tí ń ṣàkóso ohun onítànṣán fún gbogbo Nàìjíríà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ó gba ipò ẹ̀rù, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn èdè kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan ẹgbẹ́ wa yìí. Àwọn kan a máa pe ohun tí ń tú irú ìtànṣán yìí ní olóró. N kò fara mọ́ ọn. Oró ni ti ejò àti ti àkekèé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé bí a bá fọwọ́ kan lẹ́ǹsì, ó ti parí, yóò sì sọ ọ́ sínú odò ní kíákíá, èyí tí ó burú ju kí ó jókòó sórí pẹpẹ lọ. Onítànṣán tó, ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láìfi ìdájọ́ kún un. Lẹ́yìn náà a lè fi ìwọ̀n sọ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré. Bí a bá sì ń kọ ọ́ sára àpótí ní yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti tó: «Dígí onítànṣán. Má fọ́ ọ, má lọ̀ ọ́, má ha á. Kì í ṣe fún gbígbé ojú lé.»

Kí a kọ ọjọ́ tí a sá a sí oòrùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé tóríọ̀mù inú rẹ̀ kò lọ síbì kan. Láti ọjọ́ tí a bá ti dá a padà sínú òkùnkùn ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá sì tẹ̀lé wa nínú yàrá náà yóò fẹ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun tún gbé e jáde.